Iná tó yẹ àpótí ẹja eléwéko: ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí n'Ìbàdàn

Àpótí dígí mẹ́ta ni mo fi ń sin ẹja nílé mi ní Mọ́kọ́lá. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ti lé ní ọdún mẹ́fà, púpọ̀ nínú ewéko tí mo kọ́kọ́ fi sí i ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Omi kànga ni mo ń lò. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, mo máa ń gbọ́n ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin omi náà dànù, màá da tuntun sí i, màá sì gé ewé tó bá ti gbó. Kò sí iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀. Ẹni tó bá wọlé á béèrè pé kí ni mo ń fún wọn jẹ tí wọ́n fi tutù yọ̀yọ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ iná gan-an ló yẹ kó béèrè, torí ibẹ̀ ni àpótí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́. Mo ti wo àpótí àwọn ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò tó pọ̀, èyí tí iná rẹ̀ pọ̀ jù ni mo máa ń bá, agbára káká ni mo fi ń rí èyí tí iná rẹ̀ kéré jù.

Irú àpótí wo lẹ ń pè ní èyí tí kò gba wàhálà?

Èyí tí ẹ lè fi sílẹ̀ kí ẹ lọ sí Èkó fún ọjọ́ mẹ́rin láìbẹ ẹnikẹ́ni kó wá ṣọ́ ọ. Ewéko inú rẹ̀ ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, ẹja ò pọ̀, kò sí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ gáàsì sínú omi. Bí ajílẹ̀ olómi bá tiẹ̀ wà, ìdérí ìgò kékeré kan lọ́sẹ̀ ni. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Bí iná bá ti pọ̀, gbogbo ohun tí mo kà yìí ló máa yí padà.

Kí ló dé tí iná fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ṣebí ẹja ló ni àpótí.

Ní ti ẹja, kó ṣáà mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí pé ilẹ̀ ti ṣú. Ewéko ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ ara rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló fi ń sè é: ìmọ́lẹ̀, gáàsì carbon dioxide tó wà nínú omi, àti ohun aṣaralóore tó ń wá látinú ìgbẹ́ ẹja àti ajílẹ̀.

Ẹ fi wé ìkòkò ẹ̀wà lórí ààrò. Ìmọ́lẹ̀ ni iná igi, gáàsì àti ajílẹ̀ ni omi inú ìkòkò. Bí ẹ bá ko igi kún ààrò nígbà tí omi inú ìkòkò ò ju ife kan lọ, ẹ̀wà ò ní torí ìyẹn tètè jinná, yóò jóná ni. Omi tí a kò fẹ́ gáàsì sí, gáàsì inú rẹ̀ kéré gan-an, kò sí iye iná tí ẹ lè tàn tó máa sọ ọ́ di púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù tí ewéko ò rí lò, algae ló máa gbà á. Algae ni ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, irú èyí tó máa ń bo inú dúrọ́ọ̀mù omi òjò. Kò béèrè ohun púpọ̀ bí ewéko, ó sì yára. Ó lè bo dígí yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí ewéko yín ò tíì yọ ewé kan ṣoṣo.

Wáàtì mélòó ni kí n rà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé wáàtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iye iná mànàmáná tí gúlóòbù ń jẹ ni wáàtì ń sọ, kò sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde. Gúlóòbù àtijọ́ oníná pupa, èyí tó ń jẹ wáàtì 60, àti gúlóòbù LED oníwáàtì 9, ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tí ẹ máa wá lára páálí ni lumen, òun ló ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde.

Fún irú àpótí tí à ń sọ yìí, lumen 10 sí 20 lórí lítà omi kọ̀ọ̀kan ti tó. Láti 20 sí 40, ẹ ti ń wọ agbègbè àwọn tó ń gé ewéko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá kọjá 40, ẹ máa nílò ẹ̀rọ gáàsì, ajílẹ̀ ojoojúmọ́, àti àkókò tí ọ̀pọ̀ wa ò ní.

Ẹ mú àpótí tó wọ́pọ̀: gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60, fífẹ̀ rẹ̀ 30, gíga rẹ̀ 30. Ẹ sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po ara wọn, ẹ fi 1,000 pín in, lítà 54 ni. Iyanrìn, òkúta àti àlàfo tí a fi sílẹ̀ lókè á mú bíi lítà 9 kúrò, ó ku 45. Lumen 450 sí 900 nìyẹn. Iná LED tó dáa máa ń mú bíi lumen 90 sí 100 jáde lórí wáàtì kan, nítorí náà iná oníwáàtì 5 sí 10 ló máa ṣe iṣẹ́ yìí. Mo mọ àǹtí kan ní Bódìjà tí wọ́n ta iná oníwáàtì 36 fún pé òun ló bá irú àpótí yìí mu. Oṣù kan ò pé tí òkúta, igi àti ewé inú rẹ̀ fi hu irun dúdú. Wọn ò fi nǹkan kan kún un nígbà tí a tún un ṣe. Wọ́n kàn gba iná kékeré, wọ́n gbé èyí tó tóbi lọ sí ilé ìdáná.

Àwọn tó jinlẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí kì í fi lumen wọn ìmọ́lẹ̀ ewéko, torí ojú èèyàn ni lumen bá mu. PAR ni wọ́n ń lò, òun ló ń ka ìmọ́lẹ̀ tí ewéko rí lò. Bí iná kan bá kọ PAR sára páálí rẹ̀, ẹ wá èyí tó máa fún yín ní 15 sí 30 lórí iyanrìn, níbi tí ewéko wà. Ẹ má torí ẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n, ó wọ́n ju àpótí lọ.

Àpótí tèmi jìn gan-an, sẹ̀ǹtímítà 50. Ṣé ìṣirò yẹn ṣì dúró?

Ìmọ́lẹ̀ máa ń dín kù bó bá ṣe ń jìnnà sí gúlóòbù àti bó bá ṣe ń wọ omi lọ. Ẹ mú apá òkè ìṣirò náà, ìyẹn lumen 20 lórí lítà. Èyí tó tún sàn jù bẹ́ẹ̀ ni pé kí ẹ gbé igi tàbí òkúta gíga sínú omi, kí ẹ so ewéko mọ́ ọn lágbedeméjì. Ewéko á bá ìmọ́lẹ̀ pàdé lọ́nà, ẹ ò ní ra iná ńlá.

Ṣé mo lè lo gúlóòbù LED tí a ń lò nílé?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Gúlóòbù oníwáàtì 9 tí mo rà ní Dùgbẹ̀ ló tan àpótí mi àkọ́kọ́ fún ọdún méjì. Àléébù rẹ̀ ni pé gúlóòbù máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri yàrá, ó sì yẹ kí gbogbo rẹ̀ máa kọjú sísàlẹ̀. Iná tábìlì ọlọ́rùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kàwé ló dáa jù fún un: orí rẹ̀ dà bí abọ́, funfun ni inú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ṣe é gbé sókè sódò. Ìgbésókè-sódò yẹn wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí algae bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn gbé orí iná náà sókè ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ ti dín kù láìná kọ́bọ̀.

Kí ni 6500K tí wọ́n kọ sára páálí?

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà ni. Nǹkan bíi 3000K máa ń pọ́n bí iná àtùpà, 6500K funfun bí ọ̀sán gangan. Ewéko á hù lábẹ́ méjèèjì. Àmọ́ láàárín 5000K sí 7000K ni ewé ti máa ń hàn ní àwọ̀ rẹ̀ gan-an tí omi sì máa ń mọ́ lójú. Púpọ̀ gúlóòbù funfun tó wà lọ́jà wa, 6500K ni.

Àwọn kan ń ta iná aláwọ̀ àlùkò pé òun ló ń mú ewéko dàgbà.

Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀: ìmọ́lẹ̀ pupa àti ti búlúù ni ewé máa ń gbà jù. Ṣùgbọ́n iná funfun ní méjèèjì nínú, ó sì ní àwọ̀ ewé tí ewéko náà ń lò. Lábẹ́ iná àlùkò, ẹja pupa á dà bí ẹni tí wọ́n rẹ sínú aró. Iná búlúù pọ́ńbélé tí ẹ máa rí nílé ìtajà mìíràn, fún àpótí omi òkun ni wọ́n ṣe é. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo ní ọ̀pá fulọrẹ́sẹ́ǹtì tó ṣì ń tàn.

Ẹ lò ó títí á fi kú. Ẹ kàn rántí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan bó tilẹ̀ ń tàn lójú yín, ó sì ń mú ooru jáde ju LED lọ.

Wákàtí mélòó ni kí n máa tàn án lójúmọ́?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, wákàtí mẹ́fà. Ewéko tuntun ò tíì fìdí múlẹ̀ nígbà náà, kò tíì lè jẹ gbogbo ohun tí ẹ bá gbé ka iwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè mú un lọ sí méje tàbí mẹ́jọ, kí ẹ sì dúró síbẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣebí òòrùn máa ń wà lójú ọ̀run Ìbàdàn fún bíi wákàtí 12 lójúmọ́, kí ló dé tí ewéko àpótí ò fi ní gba 12? Ẹ wo odò tó wà nínú igbó. Ṣíṣú ni ibẹ̀ máa ń wà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, abẹ́ igi ni omi náà wà, bí òòrùn bá tiẹ̀ wọlé, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ló máa fi kọjá láàárín ewé. Gúlóòbù ò mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, bó ṣe tàn ló ṣe máa mọ́ títí ẹ ó fi pa á.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju iye wákàtí náà lọ ni pé kó má ṣe yí padà. Wákàtí méje lónìí, mẹ́rìnlá lọ́la torí pé ẹ gbàgbé, mẹ́ta lọ́túnla: ewéko ò lè bá irú ìyẹn rìn, algae lè bá a rìn. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè pín in sí méjì, wákàtí mẹ́ta láàárọ̀ kí ẹ tó jáde, mẹ́rin nírọ̀lẹ́ tí ẹ bá délé. Bí mo ṣe ń ṣe ti pálọ̀ nìyẹn, kí n lè rí i nígbà tí mo bá wà nílé.

Iná ìjọba ò dúró ládùúgbò wa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?

Ìbéèrè yìí làwọn ìwé tí wọ́n kọ lókè òkun ò dáhùn.

Ẹ fọkàn balẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Bí iná ò bá sí fún ọjọ́ kan, méjì, tàbí mẹ́ta pàápàá, ewéko tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ ò ní kú. Wọ́n ní oúnjẹ nípamọ́ nínú ewé àti nínú ìdí wọn. Ohun tó léwu ni àsìkò tí iná bá dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá fi sílẹ̀ mọ́jú, pé àwọn fẹ́ san gbèsè ọjọ́ tí kò sí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọjọ́ tó bá ti lọ ti lọ, ẹ padà sí wákàtí méje yín.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni táímà, ẹ̀rọ kékeré tí à ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kó máa tan iná kó sì máa pa á fúnra rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan mo jí ní aago méjì, mo rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀. Mo rò pé àwọn ọmọ ló gbàgbé láti pa iná. Àfi bí mo ṣe débẹ̀ tí mo rí i pé àpótí ló ń tàn gbòò, tí gbogbo ẹja kó ara wọn jọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn igi, tí ọ̀kankan ò mira. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ní kí táímà yẹn máa tàn án. Àmọ́ irú èyí tó ní àgbá róbótó tó ń yí ni, iná ìjọba ló sì fi ń yí àgbá náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, aago rẹ̀ á dúró, bí iná bá dé á tẹ̀ síwájú láti ibi tó dúró sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ó ti fi wákàtí mẹ́wàá rẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, táímà oní-nọ́ńbà tó ní bátìrì kékeré nínú ni mò ń rà, torí aago rẹ̀ kì í dúró bí iná ò bá tiẹ̀ sí. Bí ẹ bá ní inverter, ẹ ki táímà náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lórí inverter, kó má bàa sí ìgbà tí iná máa já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ tún fi ohun tó ń gba iná àpọ̀jù sáàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti iná àpótí. Ẹ̀rọ tó wà nídìí iná LED kì í pẹ́ jó bí iná bá ru gùdù lójijì.

Ṣé bátìrì àti sólà lè gbé e?

Ó lè gbé e tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, ohun tó mú kí n fẹ́ràn iná kékeré nìyẹn. Iná oníwáàtì 10 fún wákàtí méje, wáàtì-wákàtí 70 ló ń jẹ. Bátìrì 12V tó jẹ́ 18Ah ní 216 nínú. Ká tiẹ̀ ní bátìrì olómi kíkan ni, tí kò dáa kí a lò ó kọjá ìdajì, 108 ṣì kù fún yín, ó sì ju 70 lọ. Ẹ ra iná LED onípẹlẹbẹ tó ń lo 12V, ẹ so ó tààrà mọ́ bátìrì náà pẹ̀lú fíúsì láàárín, kò ní gba inverter kọjá rárá. Páńẹ́lì sólà oníwáàtì 40 tàbí 50 á máa kún un padà, bí ọ̀sán bá mọ́ dáadáa.

Ẹ gbìyànjú ìṣirò yìí pẹ̀lú iná oníwáàtì 36, ẹ máa rí i pé jẹnẹrétọ̀ ló kù.

Mi ò kúkú ní ra iná. Mo fẹ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Àpótí tí mo kọ́kọ́ ní láyé mi, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni mo gbé e sí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó dùn ún wò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, omi náà ti di bí ọbẹ̀ ewédú, mi ò rí ẹja mọ́ àyàfi tí ó bá fi imú kan dígí. Òòrùn tààrà ju gbogbo gúlóòbù tí ẹ lè rà lọ fíìfíì, ó sì ń gbé ooru wọ inú omi. Àpótí kékeré lè gbóná débi tí ẹja á máa mí gúlegúle lókè omi.

Àwọn ìwé òkè òkun máa ń ní kí èèyàn gbé àpótí sí fèrèsé tó kọjú sí àríwá, pé òòrùn kì í débẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, òótọ́ ni. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí ìdíwọ̀n 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, òòrùn sì máa ń kọjá lórí wa lọ sí ìhà àríwá láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Fèrèsé àríwá tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní Kérésìmesì lè máa gba òòrùn lóṣù kẹfà. Ẹ wo ibi tí òòrùn ń wọ̀ nínú yàrá yín lásìkò méjèèjì kí ẹ tó pinnu. Ìmọ́lẹ̀ yàrá lásán, tí òòrùn fúnra rẹ̀ ò fi ojú kan dígí, kò ní ìpalára. Mo ní ike omi kan lórí tábìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ ìyẹn nìkan ló ń lò, ewéko Java moss inú rẹ̀ ń hù.

Omi mi ti di àwọ̀ ewé báyìí. Ṣé kí n dà á nù kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?

Rárá. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi náà. Ẹ pa iná, ẹ fi aṣọ dúdú tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àpótí yíká fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa ṣiṣẹ́, ẹ má sì fún ẹja lóúnjẹ. Wọn ò ní kú. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ ṣí i, ẹ tún pààrọ̀ ìdajì omi, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ iná padà ní wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bí ẹ ò bá dín iná kù lẹ́yìn èyí, á padà wá.

Tó bá jẹ́ pé eruku aláwọ̀ ilẹ̀ ló bo dígí àpótí tuntun, iná kọ́ ló fà á. Ẹ fi kànìnkànìn nù ún, láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan á lọ fúnra rẹ̀.

Ewéko wo ló máa gba iná kékeré bẹ́ẹ̀?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Anubias, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ẹ̀bá odò inú igbó ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà ló ti ń hù, Nàìjíríà wà lára wọn, lábẹ́ ibòji tí òòrùn kì í ráyè wọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà jù nínú wọn, Anubias barteri, orúkọ Charles Barter ni wọ́n fi sọ ọ́, onímọ̀ ewéko ará Gẹ̀ẹ́sì tó bá Baikie, arìnrìn-àjò ará Scotland, rin ìrìn-àjò gba orí Odò Ọya ní 1857, tó sì kú sí Rabba, ìlú kan létí odò náà, ní 1859.

Ìdí rẹ̀ nà gbọọrọ bí atalẹ̀. Ẹ má rì í mọ́ iyanrìn o, yóò jẹrà. Ẹ fi òwú so ó mọ́ òkúta tàbí igi, gbòǹgbò rẹ̀ á di í mú láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ máa ṣe sùúrù fún un. Ewé tuntun kan lè gbà á lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin: á kọ́kọ́ yọ bí ẹní tí wọ́n ká, àwọ̀ rẹ̀ á máa tàn bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, á tú díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà á wá dúdú, á le bí awọ. Ewé tí kì í kánjú yìí ni iná àpọ̀jù máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Àmì aláwọ̀ ewé tó le, tó rí tóótòòtó, á hù sí i lára, ẹ ò ní lè fi ọwọ́ nù ún kúrò. Bí ẹ bá rí i, ẹ gbé Anubias náà sábẹ́ òjìji igi.

Bolbitis heudelotii náà, ewéko inú odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó rí bí ewé ọ̀mù, ara òkúta ni à ń so òun náà mọ́. Láti Éṣíà, Java fern, Java moss àti Cryptocoryne wendtii á ṣe dáadáa. Ẹ má fòyà bí ewé Cryptocoryne bá yọ́ dànù lọ́sẹ̀ kìíní, ìdí rẹ̀ á tún rú. Ẹ yẹra fún ewéko pupa àti àwọn tó ń tẹ́ sórí ilẹ̀ bíi koríko, iná ńlá ni wọ́n ń bèèrè.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹja tó bá ibòji yìí mu, ẹ wá Pelvicachromis pulcher, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní kribensis. Gúúsù Nàìjíríà ni orírun rẹ̀. Lábẹ́ iná tó mọ́ jù, kọ̀rọ̀ ló máa ń sá sí. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó rọlẹ̀, abo rẹ̀ á jáde pẹ̀lú ikùn pupa bí osùn.

Ojú oró ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni ní odò.

Àdúrà tí à ń gbà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ohun tó ń ṣe nínú àpótí náà nìyẹn. Á léfòó, á gba apá kan ìmọ́lẹ̀ náà kó tó wọlé, gbòǹgbò rẹ̀ tó dà bí irùngbọ̀n á máa fa ìdọ̀tí omi. Bí iná yín bá pọ̀ jù tí ẹ ò sì lówó láti pààrọ̀ rẹ̀, ojú oró ló máa gbà yín. Ẹ má jẹ́ kó bo ju ìdajì ojú omi lọ, kí àwọn ti ìsàlẹ̀ náà rí ìmọ́lẹ̀. Ẹ má fi ìdérí tó ń kán omi sórí rẹ̀, ewé rẹ̀ á rà. Òṣíbàtà náà ṣe é gbìn bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ díẹ̀. Ẹ máa gé ewé tó bá fẹ́ gòkè, ti ìsàlẹ̀ ni ẹ fẹ́.

Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó lọ bu ú ní Ẹlẹ́yẹlé tàbí ní odò àárín ìlú. Ìgbín omi kéékèèké máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé rẹ̀, irú ìgbín bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri, àìsàn tó ń mú èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbìn ín sínú àpótí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé iná mi kéré jù lóòótọ́?

Ọ̀pá ewéko á máa nà wọ́gọwọ̀gọ lọ sókè, àlàfo á pọ̀ láàárín ewé sí ewé. Ewé ìsàlẹ̀ á pọ́n, á já. Bí oṣù méjì bá kọjá láìsí ewé tuntun kankan, ẹ fi wákàtí kan kún un tàbí kí ẹ sún iná sọ́dọ̀ omi. Ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ nu iná náà. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń jókòó sórí rẹ̀, omi tó ń ta sí i náà máa ń gbẹ di funfun. Mo ti rí iná tí wọ́n fẹ́ jù nù tó jẹ́ pé aṣọ tútù ló nílò.

Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń gbé, l'Àgbowó. Ike lítà mẹ́wàá ni mo ní.

Iná oníwáàtì 2 tó ń lo ojú USB ti tó, power bank fóònù yín sì lè gbé e. Anubias kékeré kan, Java moss díẹ̀. Ẹ má fi ẹja sí i, omi náà kéré jù.

Ṣé iná ò ní mú omi gbóná jù?

LED ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò bá sí nínú ìdérí tó sé pinpin. Omi àpótí wa sábà máa ń wà láàárín 26 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a ò nílò ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Lóṣù kejì àti kẹta tí ooru bá mú gan-an, ẹ ṣí ìdérí, ẹ sì jẹ́ kí iná máa tàn lálẹ́ dípò ọ̀sán. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀, òkùnkùn ni ewéko náà sì ti máa ń bá ẹja du èyí tó wà, nítorí náà ẹ má kó ẹja kún un.

Omi àti iná mànàmáná papọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ó yẹ kó bà yín. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ sílẹ̀ kọjá ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè wọ inú rẹ̀, kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ lára wáyà kán sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ má gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì onílé púpọ̀ sórí ilẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú iná kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi, ojoojúmọ́, kódà bó bá jẹ́ ewé kan ni ẹ fẹ́ mú. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, iná 12V tó ń lo bátìrì ni mo máa rà.

Àlejò máa ń wá lálẹ́, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i.

Ẹ yí àsìkò náà padà, ẹ má fi kún un. Aago mẹ́rin sí mọ́kànlá alẹ́ dára bí aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ kọ́kọ́ tan iná yàrá kí ti àpótí tó tàn, kí ẹja má bàa ta gìrì. Bó bá sì di mọ́kànlá tí àlejò ò tíì dìde, ẹ jẹ́ kí táímà pa á.